Oúnjẹ Òwúrọ̀ ní Agbo Ilé Kan ní Ìjẹmọ̀

Kí oòrùn tó yọ ní Abẹ́òkúta ni òórùn àkàrà ti ń gba àdúgbò kan. Ẹni tí ó bá jáde láàárín aago mẹ́fà sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò rí obìnrin tí ó jókòó ti agbada, tí ó ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo gbígbóná, tí àwọn ọmọdé sì yí i ká pẹ̀lú abọ́ àti owó lọ́wọ́. Ẹlẹ́kọ ń kiri, oníbúrẹ́dì ń kiri, ẹlẹ́wà sì ti gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ sí ojúde. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í dáná ní òwúrọ̀. Ọwọ́ ẹlẹ́kọ àti alákàrà ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ kí olúkúlùkù tó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àṣà náà kò burú rárá. Ó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tètè jáde, ó ń jẹ́ kí ọmọ tètè dé ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fi oúnjẹ sí ẹnu ẹni tí ń ta oúnjẹ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí kò burú lè wọ́n ju agbára ẹni lọ, ìgbà tí ó bá sì wọ́n bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń mọ bí òun ti ń ná owó.

Ìjẹmọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí wọ́n para pọ̀ tẹ Abẹ́òkúta dó lẹ́bàá Olúmọ ní ọdún 1830. Ìtàn kò lè gbàgbé orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ìjọba yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá sì dópin ní ọdún kan náà. Lónìí, àwọn ilé àtijọ́ tí páànù orí wọn ti pọ́n ṣì wà ní Ìjẹmọ̀, wọ́n fara ti ara wọn bí àwọn àgbà tí ń sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀kan nínú irú àwọn agbo ilé bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan ń gbé: bàbá jẹ́ káfíńtà, ìyá ń ta aṣọ àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ìyá bàbá sì wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí, tí ó jẹ́ obìnrin, ti dé kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lójú ẹsẹ̀ ni owó ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí owó ọkọ̀ sì gbéra, kò sí ọjà tí ó dúró sí ipò rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ni ó ń gbé ẹ̀wà wá láti ilẹ̀ Hausa, ọkọ̀ náà ni ó sì ń gbé iṣu wá láti oko. Àwọn tí ń ra àdìrẹ dín kù ní Ìtòkú, nítorí ẹni tí kò ì tíì jẹun kì í ra aṣọ. Àwọn tí ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé wá fún káfíńtà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni owó ìdánwò àṣekágbá ọmọbìnrin wọn dé, ìdánwò ti Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní oṣù mẹ́ta láti fi san án. Ẹni tí kò bá san án kò ní jókòó ṣe ìdánwò.

Ìyá ra kóló amọ̀ kan, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn, ó sì sọ fún ẹbí pé owó ìdánwò ni yóò máa wọ inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kíní kọjá, kóló kò dún. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, owó méjì péré ni ó bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà náà ni ọmọbìnrin náà mú ìwé rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí ẹbí ń ná sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ ó ka ohun tí ó kọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Ènìyàn mẹ́fà ni ó wà nínú ilé. Bí olúkúlùkù bá jẹ àkàrà mẹ́rin àti ẹ̀kọ méjì ní òwúrọ̀, àkàrà 24 àti ẹ̀kọ 12 ni wọ́n ń rà lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, àkàrà di 144, ẹ̀kọ sì di 72. Ní ọjọ́ Àìkú, búrẹ́dì ńlá méjì ni wọ́n ń rà. Ẹnu ya bàbá. Ó ní, “Àṣé ẹnu ni a fi ń jẹ owó ìdánwò ọmọ yìí!”

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yìí tilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ọkùnrin kan láti Jàmáíkà, Amos Shackleford, ẹni tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún rélùwéè, wà lára àwọn tí wọ́n sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé ìṣebúrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì kì í hù dáradára nínú oko àwọn Ẹ̀gbá. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, owó òkè òkun ni a sì fi ń rà á. Nítorí náà, bí owó náírà bá rẹlẹ̀, búrẹ́dì a gbówó lórí, bí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹmọ̀ kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá ti fòfin de oúnjẹ rírà ní òwúrọ̀. Ó ra gàrí sílé, ó sì ra ògì díẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ajé, wọ́n mu gàrí pẹ̀lú omi tútù. Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná lásán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ. Kóló bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Inú ìyá dùn, ó máa ń gbé e ní alẹ́ láti mọ bí ó ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, olùkọ́ àbíkẹ́yìn fi ìwé ránṣẹ́ sílé. Ó kọ ọ́ pé ọmọ náà ń sùn nínú kíláàsì kí aago mẹ́wàá tó lù, pé ọmọ tí ó máa ń dáhùn ìbéèrè tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ ohun tí a ń sọ mọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Bàbá ka ìwé náà, kò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ni ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó. Ó ní, “Ìyàwó mi, gbé kóló yẹn wá.” Nígbà tí ó gbé e dé, ìyá àgbà fi ọwọ́ lé e, ó ní, “Owó tí ó wà níhìn-ín, o rò pé láti ọwọ́ alákàrà ni o ti gbà á padà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni o ti yọ ọ́.”

Omijé bọ́ lójú ìyá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kí ni kí n ṣe? Bí a bá ń rà á, owó kò tó; bí a kò bá sì rà á, ebi ni.”

Ìyá àgbà dáhùn pé, “Ẹ̀kọ kò ṣẹ̀ ọ́, àkàrà kò sì ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí o ṣe ni pé o tú tọkọtaya ká. Àwọn baba wa kò fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà nítorí adùn nìkan.”

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí bá ìmọ̀ ìṣègùn mu. Ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana báyìí. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ara wọn sì ń bó. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàdo ni a fi ń bọ́ wọn ṣáá lẹ́yìn tí a já wọn lẹ́nu ọmú. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gà ń pe àrùn náà, kwashiorkor, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé ń lò títí di òní. Àgbàdo ń fún ara ní agbára, ṣùgbọ́n ohun tí ń mọ ẹran ara kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ní èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára àgbàdo, ẹ̀wà ni ó ní in; èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó lára ẹ̀wà, àgbàdo ni ó ní in. Nígbà tí a bá jẹ wọ́n pọ̀, wọn a di oúnjẹ tí ó pé.

Ní ọjọ́ náà ni ìyá àgbà gba ètò oúnjẹ òwúrọ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ra àgbàdo gbígbẹ, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èèrí rẹ̀ kò ṣòfò, ewúrẹ́ ìyá àgbà ni ó jẹ ẹ́. Ògì náà silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n sì ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ kí ó má baà kan jù. Ògì kan yìí ni wọ́n ń bù pò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ti ẹ̀wà, ìyá àgbà pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ̀wà sísè ni, èyí tí wọ́n ti sè ní alẹ́ lórí iná tí wọ́n fi se oúnjẹ alẹ́, tí ó fi jẹ́ pé gbígbóná nìkan ni ó kù ní òwúrọ̀. Ọjọ́ méjì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, nítorí pé epo díẹ̀ ni ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń gbà, nígbà tí àkàrà ń fẹ́ agbada tí ó kún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dín àkàrà nínú ilé. Bí iṣu bá ṣẹ́kù ní alẹ́, wọn kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Wọ́n ń fi ata àti epo pupa jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin àgbà ń bó èèpo ẹ̀wà ní alẹ́ bí ó ti ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Àbúrò rẹ̀ ń pọn omi. Àbíkẹ́yìn ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Bàbá pẹ̀lú kò jókòó lásán. Ó ń kó èérún igi wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, òun ni ó sì ń fi í dáná ní ìdájí, kí èédú má baà tètè tán.

Síbẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin náà ka ìwé ìnáwó ọ̀sẹ̀ náà, iye tí wọ́n ná kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ìgbà tí wọ́n ń rà á ní ìta. Inú ìyá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ hàn gbangba nínú ìwé náà. Ẹ̀wà kóńgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rà, epo ìgò kékeré ni wọ́n ń rà, èédú ọ̀rá ni wọ́n ń rà, wọ́n sì ń san owó ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì fún ohun tí wọ́n lè lọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rà á ní ọ̀wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà gan-an sì ni owó rẹ̀ kò tó. Òtítọ́ yìí korò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ṣọ́ owó ná mọ̀ ọ́n: dídáná nínú ilé nìkan kì í sọ oúnjẹ di ọ̀pọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Alákàrà tí ó ń jókòó ní ìkóríta wọlé wá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó jókòó, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ó ti di oṣù kan tí ọmọ ilé yìí kan kò ti dúró níwájú agbada mi. Bí àkàrà mi kò bá dùn mọ́, ẹ sọ fún mi.”

Ojú ti ìyá àwọn ọmọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ṣẹ̀ wá. Owó ìdánwò ọmọ ni a ń wá.” Ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyá Alákàrà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Kì í ṣe ilé yín nìkan. Ọ̀pọ̀ ni kò rà mọ́. Tẹ́lẹ̀, àpò ẹ̀wà kan ni mo máa ń rà lẹ́ẹ̀kan ní Láfẹ́nwá. Ní báyìí, owó ọwọ́ mi kò ra ju kóńgò mélòó kan lọ. Mo sọ àkàrà di kékeré, àwọn oníbàárà ń bínú. Bí n kò bá sì sọ ọ́ di kékeré, n kò ní rí owó padà. Ọmọ-ọmọ mi pẹ̀lú wà ní ilé-ẹ̀kọ́.”

Gbogbo wọn dákẹ́. Ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n da owó wọn pọ̀, kí wọ́n lọ ra odindi àpò ẹ̀wà kan ní Láfẹ́nwá, kí wọ́n sì pín in. Ṣùgbọ́n ibo ni owó ilé yóò ti wá? Inú kóló ni. Ìyá di kóló mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Oṣù kan àti ààbọ̀ péré ni ó kù kí ọjọ́ ìsanwó pé. Bí ẹ̀wà náà bá bàjẹ́, tàbí tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ lọ́jà, ìdánwò ọmọ ti lọ nìyẹn. Wọ́n wo ojú ọmọbìnrin náà, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi iye tí kóńgò kan yóò jẹ́ bí a bá ra àpò wé iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́, ó sì ní, “Ẹ jẹ́ kí a fọ́ ọ, Màmá.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fọ́ kóló.

Ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ohun tuntun kí àwọn obìnrin para pọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n kàwé ni àwọn obìnrin ọjà náà mú ẹjọ́ wọn lọ bá, lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Láti inú ìrẹ́pọ̀ yìí ni Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ti jáde, àwọn tí wọ́n sì dìde láàárín ọdún 1947 sí 1949 títí tí a fi dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ìbáà ṣe níwájú ààfin, ìbáà sì ṣe nídìí àpò ẹ̀wà.

Nígbà tí ẹ̀wà dé, wọ́n sá a sóòrùn dáradára, wọ́n rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní omi rárá, wọ́n kún un dé ẹnu, wọ́n sì dé e pinpin. Kòkòrò ẹ̀wà kì í lè gbé níbi tí kò sí atẹ́gùn. Wọn kò da oògùn apakòkòrò sí i bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí májèlé ni fún ènìyàn pẹ̀lú, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn: ẹ̀wà ilé àti ẹ̀wà alákàrà ń lọ sí ibi ẹ̀rọ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, lọ́wọ́ Ìyá Alákàrà ni ilé náà yóò ti ra àkàrà, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò dá agbada rú nínú ilé ní ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni ìwé ìnáwó ti yí padà. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹ́kù ń wọ inú kóló tuntun. Àkàrà ìkóríta padà sí bí ó ti tóbi tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ àbíkẹ́yìn kò tún fi ìwé ránṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìsanwó pé, wọ́n fọ́ kóló kejì. Owó inú rẹ̀ kò pé. Ó ku díẹ̀. Bàbá fi owó ilẹ̀kùn kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán kún un, ọmọbìnrin náà sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ó ti mu ẹ̀kọ gbígbóná tí ó sì ti jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì.

Nínú ọ̀rọ̀ ìdílé yìí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́n. Èkíní ni pé ẹni tí kò bá kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ kò lè mọ ihò tí owó rẹ̀ ń gbà jáde. Èkejì ni pé ìṣọ́wó-ná kì í ṣe ahun: ẹni tí ó ń fi ebi pa ọmọ nítorí kí owó lè pọ̀ kò tọ́jú ohunkóhun, ó kàn ń yá owó lọ́wọ́ ara ọmọ náà ni, ara a sì máa gba gbèsè rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Ẹ̀kẹta ni pé kò yẹ kí ọgbọ́n tí yóò gba ilé kan là sọ ilé kejì di ahoro, bí ọ̀nà bá wà tí àwọn méjèèjì lè gbà jọ jẹun. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwúrọ̀ ni oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.